"Ọ̀gá Mi Ní Mò Ń Fi Nǹkan Pamọ́": Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ABA

Ìbéèrè lórí ABA ló pọ̀ jù nínú àwọn tó wọlé lóṣù yìí, torí náà ẹ jẹ́ ká fi gbogbo ojú ewé yìí sí i. Fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, ABA (Applied Behavior Analysis) niṣẹ́ àwọn tó máa ń jókòó ti ọmọ, pàápàá ọmọ tó ní autism, wọ́n á wo ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ọmọ tó hu ìwà kan àti ohun tó tẹ̀lé e, wọ́n á kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n á ti mọ bí wọ́n ṣe máa kọ́ ọ lóhun tó máa wúlò fún un. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ náà ò lè dá a ṣe o, ó gbọ́dọ̀ ní súpáfáísọ̀, ìyẹn ọ̀gá tó ń wo iṣẹ́ ẹ̀ tó sì ń tún un ṣe. Àárín ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ yìí gan-an ni wàhálà wà nínú lẹ́tà yín.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìrọ́jú. Tanke ní Ìlọrin ni mò ń gbé, ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan tó wà ní Kánádà ni mo ti ń kọ́ṣẹ́ ABA, orí Zoom la ti máa ń pàdé. Òyìnbó ni wọ́n, wọn ò burú, wọ́n mọṣẹ́, àmọ́ ohun tí wọ́n kọ sínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń máàkì mi lóṣù tó kọjá dùn mí wọra. Wọ́n ní mi ò kì í wo kámẹ́rà táwọn bá ń bá mi sọ̀rọ̀, wọ́n ní gbogbo nǹkan ni mo máa ń dáhùn "yes ma" sí, tí mo bá wá dé ọ̀dọ̀ ọmọ màá ṣe nǹkan míì, wọ́n ní ó jọ pé mò ń fi nǹkan pamọ́. Wọ́n tún ní kí n yéé pe àwọn ní "ma", orúkọ àwọn gan-an ni kí n máa pè. Àǹtí, ẹnu mi ò gbà á, obìnrin tó tó màmá mi.

Ọmọ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, agbo ilé ni wọ́n ń gbé lápá Alánàmú, ọ̀dọ̀ ìyá bàbá ẹ̀ ló sì máa ń wà. Ọ̀gá mi ní kí n kọ́ ọ kó máa dáhùn tí wọ́n bá pe orúkọ ẹ̀, kó sì máa wo èèyàn lójú kó tó gba ohun tó fẹ́. Orúkọ tó wà nínú ìwé ni mo fi ń pè é, kì í dáhùn, òdo ló kún inú dátà mi, ìyẹn ìwé tí mo fi ń ṣàkọsílẹ̀ iye ìgbà tó dáhùn. Ṣùgbọ́n tí ìyá àgbà bá ti pè é ní Àlàó láti kíṣíìnì, kíá ló máa yíjú. Mi ò sọ fún ọ̀gá mi, kó má dà bíi pé mo fẹ́ máa kọ́ wọn níṣẹ́ wọn. Ìyá àgbà wá bá mi lọ́jọ́ kan níbi tí mo ti ń gbé àgbọ̀n ọmọ sókè pé kó wò mí, wọ́n ní ṣé èmi ni mo fẹ́ wá kọ́ ọmọ ilé àwọn kó máa ranjú mọ́ àgbà. Ojú tì mí. Ṣé mi ò yẹ fún iṣẹ́ yìí ni?
*Ọmọ iṣẹ́, Tanke*

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o yẹ fún un jàre. Ibi ọ̀rọ̀ Àlàó yẹn ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí èmi ò rí i bí ọ̀rọ̀ kékeré rárá.

Tí ọ̀gá rẹ bá ṣí dátà tó rí òdo láti òkè délẹ̀, ohun tó máa kà níbẹ̀ ni pé ọmọ yìí ò mọ orúkọ ara ẹ̀, ó lè ní kẹ́ ẹ padà sí ìpìlẹ̀ pátápátá, kẹ́ ẹ máa fún un ní súìtì nígbàkígbà tó bá ṣèèṣì yíjú. Ọmọ tó ń gbọ́ ìpè láti kíṣíìnì! Nínú agbo ilé wa níbí, orúkọ tí Alfa sọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ilé ìwé àti ilé kéwú ló ni ín, oríkì ni ìyá àgbà fi ń jí ọmọ, òun ni wọ́n fi ń bẹ̀ ẹ́ kó jẹun, òun náà ni wọ́n fi ń ké sí i tó bá fẹ́ já sí títì. Ẹni tó jókòó sí Kánádà ò lè mọ ìyẹn láéláé àfi tẹ́nì kan bá sọ fún un, ìwọ nìkan lo sì wà níbẹ̀. O pe dídákẹ́ tó o dákẹ́ ní ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ló ń jìyà ẹ̀.

Bó o ṣe máa sọ ọ́ tí ò fi ní jọ àfojúdi nìyí. Má sọ pé "ẹ ṣì í mà". Gbé dátà wá. Fi orúkọ ìwé pe ọmọ nígbà mẹ́wàá, fi Àlàó pè é nígbà mẹ́wàá, kí ìyá àgbà náà wá fi orúkọ méjèèjì pè é bẹ́ẹ̀, má ṣe é ní ìjókòó kan o kó má baà sú u, wá kọ iye ìgbà tó dáhùn sílẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìdí tí mo fi ní kí ìyá àgbà náà pè é ni pé ó lè jẹ́ ohùn wọn ni ọmọ mọ̀, kó má jẹ́ orúkọ náà rárá, ìwọ pẹ̀lú ò tíì mọ èyí tó jẹ́. Fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ kẹ́ ẹ tó pàdé. Dátà kì í yájú sí àgbà, kò sì sí ọ̀gá tó mọṣẹ́ tó máa rí ìwé yẹn tí ò ní pè ọ́ kó bi ọ́ pé báwo lo ṣe mọ̀. Tó bá wá jẹ́ Àlàó ló mọ̀ lóòótọ́, kò le mọ́ nìyẹn, ẹ máa pe orúkọ ìwé kẹ́ ẹ fi Àlàó tẹ̀lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tó bá yá ẹ máa fa Àlàó sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa dá orúkọ ìwé mọ̀, torí tíṣà ilé ìwé ò ní pè é ní Àlàó.

Ti wíwo ojú ńkọ́? Ìyá àgbà ò jẹ̀bi. Montrose Wolf, ọ̀kan nínú àwọn tó dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 1978 pé àwọn tí iṣẹ́ náà wà fún ló yẹ kó sọ bóyá ohun tá a fẹ́ kọ́ ọmọ ní láárí, bóyá ọ̀nà tá a gbà tẹ́ àwọn lọ́rùn, bóyá àbájáde ẹ̀ dùn mọ́ àwọn. Ìyá àgbà ti dáhùn tiwọn, ẹ ò kàn bi wọ́n kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ni. Lọ jókòó tì wọ́n, kí wọn dáadáa, bi wọ́n pé "Màmá, kí lẹ máa fẹ́ kí Àlàó máa ṣe?" Mo lè fi dá ọ lójú pé wọn ò ní sọ pé kó máa wo ojú. Wọ́n lè sọ pé kó máa wá táwọn bá pè é, kó dọ̀bálẹ̀ láàárọ̀, kó yéé fi ọwọ́ òsì gba nǹkan. Gbogbo ìyẹn ṣe é kọ́, ó ṣe é kà, ó sì ṣe é kọ sí dátà. Tí ohun tí ọ̀gá rẹ ń wá bá jẹ́ ẹ̀rí pé ọmọ ń fọkàn báni lọ, kó yí ara sọ́dọ̀ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ ti tó. Àwa tá a wà nínú iṣẹ́ yìí gan-an, ọ̀pọ̀ wa ti ń béèrè pé kí ni wíwo ojú náà wúlò fún, àwọn àgbàlagbà tó ní autism sì ti sọ ọ́ fúnra wọn pé ó máa ń ni àwọn lára. Àgbọ̀n tó ò ń gbé sókè yẹn, jọ̀ọ́, fi í sílẹ̀ lónìí, má tiẹ̀ dúró kí ọ̀gá kankan sọ ọ́. Ọmọ tó bá ń fa orí ẹ̀ sẹ́yìn ti fún ọ lésì.

Ó ku ọ̀rọ̀ "yes ma". Ọ̀gá rẹ gbà pé tó o bá ti ní "yes", ó ti yé ọ nìyẹn, o sì ti gbà láti ṣe é. Ìwọ ń sọ pé mò ń gbọ́ yín, ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ. Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì. Ṣùgbọ́n òun ni ọ̀gá, òun ló ń máàkì, ọwọ́ ẹ̀ ni ìwé rẹ wà, torí náà ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni ẹrù yẹn wúwo sí jù. Òfin ìwà tí BACB, ìgbìmọ̀ tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í lò láti January 2022 sọ ọ́ ní abala 1.07 pé kí oníṣẹ́ máa yẹ ara ẹ̀ wò bóyá ó ń fi àṣà tiẹ̀ gbé ẹlòmíì sórí ìwọ̀n, kó sì tún yẹ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀ wò bákan náà. 4.07 tún ní kí ọ̀rọ̀ ibi tí kálukú ti wá máa wà nínú àbójútó fúnra ẹ̀, kó má jẹ́ nǹkan tí wọ́n á fi dígbà tí ìjà bá dé. Lọ́rọ̀ kan, ó yẹ kó ti bi ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́: báwo ni wọ́n ṣe máa ń bá ọ wí nílé, báwo lo ṣe máa ń ṣe tí nǹkan ò bá yé ọ, ta lo ò lè já ní koro? Torí kò bi ọ́, ìwọ lo máa sọ ọ́. Kọ ọ́ ránṣẹ́, ó máa ń rọrùn láti kọ ju kéèyàn sọ ọ́ lójúkojú lọ. Sọ fún un pé níbi tó o ti wá, ẹni tí wọ́n bá ń bá wí máa ń wolẹ̀ ni, pé kò jẹ́ pé ò ń fi nǹkan pamọ́, pé tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan yé ọ, kó jẹ́ kó o ṣe é kóun wò. Ìlànà wọn náà ni o, wọ́n á sọ nǹkan, wọ́n á ṣe é kó o rí i, ìwọ náà á ṣe é, wọ́n á wá sọ ohun tí wọ́n rí. Ọ̀gá ahunṣọ tó wà ní Ìlọrin kì í bi ọmọ iṣẹ́ pé ṣé ó yé ọ, aṣọ tó ń jáde lórí òfì ló ń wò.

Ti orúkọ, sọ fún un pé ẹnu rẹ ò gbà á, bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kó o máa fi "Miss" tàbí "Doctor" ṣáájú orúkọ ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbà, á tiẹ̀ pa á lẹ́rìn-ín.

Ibì kan wà tí mi ò ní gbè ọ́ o. Ó ní kó o ṣe nǹkan báyìí, o ní "yes ma", o dé ọ̀dọ̀ ọmọ o ṣe òmíràn, o ò sì sọ fún un. Má kó ìyẹn sórí àṣà. Tó ò bá fara mọ́ nǹkan, fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ ọ́ kó tó di ọjọ́ kejì, tàbí kó o ní "ẹ jẹ́ n lọ rò ó mà". Èmi náà ń bójú tó àwọn tó ń kọ́ṣẹ́, èyí tó máa ń bí mi nínú jù lọ nìyẹn.

Má sì rò pé tó bá jẹ́ Yorùbá bíi tiwa ni ọ̀gá rẹ, gbogbo ẹ̀ á ti dán mọ́rán. Ọmọ Òmù-Àrán ni mí, Ìlọrin ni mo ti ń ṣiṣẹ́, títí dòní mo ṣì máa ń béèrè kí n tó jókòó nínú agbo ilé ẹlòmíì. Mo ti rí súpáfáísọ̀ kan tó wá láti Èkó, ìyá ọmọ ló ń bá sọ gbogbo ọ̀rọ̀, ìyá ọmọ ń gbọ́, ó ń tọwọ́ bọ̀wé, kò sì sí ohun tó ń yí padà nílé, torí ìyálé ilé náà ló ni àṣẹ ibẹ̀, wọn ò sì kí i dáadáa láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Yorùbá ni gbogbo wọn. Súpáfáísọ̀ yẹn ò béèrè ni, ó rò pé òun ti mọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí mi, ẹ kú làálàá. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, mi ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ní sẹ́ńtà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, èmi ni wọ́n ní kí n máa bójú tó àwọn tó ń kọ́ṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, Àlájà ni wọ́n, àkọ́bí wọn ju mí lọ. Wọ́n mọ ọmọdé tọ́jú o, àmọ́ tí ọmọ bá ti fẹ́ ju nǹkan, wọ́n á gbá a lọ́wọ́ pẹ́ẹ́, wọn kì í sì í kọ dátà àfi tó bá dìrọ̀lẹ́, wọ́n á wá máa fi orí rò ó. Tí mo bá fẹ́ bá wọn sọ ọ́, màá kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, màá ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú mà, kí n tó dé ibi ọ̀rọ̀ wọ́n ti ń gbàdúrà fún mi. Wọ́n ti sọ níwájú àwọn òbí kan rí pé "ọmọ mi kékeré yìí ló ń kọ́ mi níṣẹ́". Kí ni kí n ṣe?
*Ọmọ Ọlọ́fà, Ìlọrin*

ÌDÁHÙN: Ibi àdúrà yẹn pa mí lẹ́rìn-ín gan-an. Àlájà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe! Mo mọ̀ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà, àmọ́ ẹ má bá wọn jà o.

Ẹ yọ gbígbá tí wọ́n ń gbá ọmọ lọ́wọ́ sọ́tọ̀. Ìyẹn ò sí lára ohun tá a máa jókòó lé lórí pé ṣé àṣà ni àbí kì í ṣe àṣà, ó gbọ́dọ̀ dópin lónìí, ẹ̀yin lẹ sì máa dáhùn fún un torí ẹ̀yin ni súpáfáísọ̀. Tó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ìbínú òbí ò kàn yín, ẹ wò ó bí oníṣẹ́: tí ọmọ náà bá ń ju nǹkan kí wọ́n lè kọjú sí i, gbígbá yẹn àti ariwo tó ń bá a rìn, ohun tó ń wá gan-an lẹ fún un yẹn, á tún jù ú lọ́la. Àlájà tó ti fi ọjọ́ ayé wọn ṣe tíṣà máa tètè lóye ìyẹn tẹ́ ẹ bá fi dátà hàn wọ́n, ju kẹ́ ẹ kàn ní "ó lòdì sófin mà" lọ.

Ti dátà, ẹ kọ́kọ́ wádìí kẹ́ ẹ tó pè é ní orí kunkun. Ṣé orí fóònù ni wọ́n ti ń kọ ọ́, nínú àpótí tín-ín-tín yẹn? Ṣé ojú wọn gbé e láìsí awò? Ó ṣeé ṣe kí Àlájà ní tẹ̀sùbáà onínọ́ńbà tí wọ́n ń kì bọ ìka, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀ láìwo ọwọ́ wọn. Nǹkan kan náà la fi ń ka ìwà ọmọ o! Ẹ ra òmíràn fún wọn tó jẹ́ ti iṣẹ́ nìkan, kí wọ́n má fi èyí tí wọ́n fi ń ṣe síkírì kà á, ẹ wá tẹ ìwé tó ní àpótí ńlá fún wọn kí wọ́n máa kọ iye tó wà níbẹ̀ sí i lẹ́yìn wákàtí kọ̀ọ̀kan. Mo ti rí i níbi tó ti ṣiṣẹ́.

Ọ̀wọ̀ yín ò pọ̀ jù, ibi tẹ́ ẹ ń fi í sí ni ò dáa. Ẹ dọ̀bálẹ̀ láàárọ̀, ẹ kí wọn tẹbí tẹbí, ó ti parí nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá wá jókòó fún iṣẹ́, nínú yàrá tí ò sí òbí tí ò sí ọmọ iṣẹ́ míì, ẹ mú gbogbo "ẹ má bínú" yẹn kúrò, ẹ fi "ẹ" tó wà nínú èdè wa ṣe ọ̀wọ̀, kí ọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀ dúró ṣinṣin. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n rí: "Àlájà, ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ rí kó tó ju àwo yẹn?" Ẹ gbọ́ ọ dópin. Ẹ wá ní: "Lónìí ẹ dúró kó tọ́ka kẹ́ ẹ tó fún un ní bọ́ọ̀lù, ó dáa gan-an. Tẹ́ ẹ bá ti rí i tó gbé ọwọ́ sókè, ẹ fa àwo sẹ́yìn, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sọ̀rọ̀. Màá ṣe é kẹ́ ẹ wò mí, ẹ̀yin náà ẹ wá ṣe é." Ohun kan péré lẹ́ẹ̀kan o, ẹ má ka ẹ̀ṣẹ̀ jọ. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ṣe é tí kò lọ dáadáa, ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún yín ṣe. Súpáfáísọ̀ náà gbọ́dọ̀ máa yẹ àbójútó tó ń ṣe wò, kó máa béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀, 4.10 nínú ìwé òfin tí mo dárúkọ lókè yẹn ló sọ bẹ́ẹ̀. (Ẹ má pa òwe "ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n" fún wọn o, ó ti wà lẹ́nu wọn kí wọ́n tó bí yín.)

"Ọmọ mi kékeré yìí ló ń kọ́ mi níṣẹ́", ṣé ó dá yín lójú pé ẹ̀gàn ni? Ó lè jẹ́ pé wọ́n ń fi yín yangàn ni. Ẹ bi wọ́n tó bá ku ẹ̀yin méjì.

ÌBÉÈRÈ: Mo máa ń gbààwẹ̀ Ràmádáànì, àmọ́ ọ̀sán gangan ni súpáfáísọ̀ mi fi ìpàdé wa sí, ó ti máa ń rẹ̀ mí nígbà yẹn. Ìpápánu la tún fi ń wú ọmọ lórí, inú ilé tí gbogbo èèyàn ti ń gbààwẹ̀. Ṣé ó burú tí mo bá ní kí wọ́n yí i padà?
*Ìyá Fáwásì, Sango*

ÌDÁHÙN: Kò burú rárá, àmọ́ kí ààwẹ̀ tó wọlé ni kẹ́ ẹ sọ ọ́, ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ tó ti rẹ̀ yín tẹ́nu. Ẹ sọ àkókò tó máa rọrùn, àárọ̀ lẹ́yìn sààrì tàbí alẹ́ lẹ́yìn àṣàmù, kẹ́ ẹ sì rántí pé aago tiwọn àti tiwa ò dọ́gba tó bá jẹ́ òkè òkun ni wọ́n wà. Ti ìpápánu, ọmọdé ò gbààwẹ̀, ó lè jẹ ẹ́, àmọ́ ẹ bi àwọn ará ilé, tí ò bá tẹ́ wọn lọ́rùn kẹ́ ẹ máa fún ọmọ ní nǹkan jẹ níṣojú wọn, ẹ fi bọ́ọ̀lù, omi ọṣẹ tí wọ́n máa ń fẹ́ tàbí gbígbé e sókè rọ́pò ẹ̀ fún oṣù yẹn. Súpáfáísọ̀ ló yẹ kó bá yín wádìí èyí tí ọmọ náà fẹ́ràn jù nínú wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹnì kan ní òun máa bójú tó mi títí màá fi gba BCBA, ìwé ẹ̀rí ọ̀gá oníṣẹ́ ABA ti Amẹ́ríkà, láti Ìlọrin níbí, ó ní kí n san owó sílẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?
*Ẹni tó fẹ́ mọ̀, Fate*

ÌDÁHÙN: Ẹ di owó yín mú. BACB tó ń fúnni ní BCBA ò gba ìforúkọsílẹ̀ tuntun lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ní orílẹ̀-èdè tó pọ̀ jù láyé mọ́ láti January 2023, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. IBAO àti QABA wà lára àwọn ìgbìmọ̀ tó ṣì ń gba àwọn tó ń gbé níbí, tiwọn náà sì ní ìwé ẹ̀rí tó yàtọ̀ síra, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi orúkọ ọ̀kan ta èkejì fún yín. Kẹ́ ẹ tó san nǹkan kan, ẹ béèrè ìwé àdéhùn tó sọ iye wákàtí tẹ́ ẹ máa ṣe, ẹni tó máa tọwọ́ bọ̀ ọ́, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí wákàtí yín tí ẹ̀yin tàbí òun bá fẹ́ dá a dúró. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wá orúkọ ẹni náà nínú àkójọ orúkọ tí ìgbìmọ̀ tó dárúkọ fún yín gbé síbẹ̀, tí orúkọ ẹ̀ ò bá jáde, ẹ bi í pé kí ló dé.